Ìtọ́jú Bátìrì Katakata, Ọkọ̀ àti Ẹ̀rọ Ìfín-oògùn Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Òjò ti ń lọ, ọyẹ́ sì ti ń yọjú. Láti ìsinsìnyí títí di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ yóò tún dé, katakata ẹgbẹ́ yóò dúró sábẹ́ àtíbàbà, ẹ̀rọ ìfín-oògùn yóò wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, pikọ́ọ̀pù tí a fi ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà lè máà jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó yẹ kí a fọ ọkọ́ àti àdá, kí a fi epo pa wọ́n lára, kí a tó kó wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ bátìrì ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí òun la máa ń gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan wà ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé tí mo ń bójú tó, wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra katakata àlòkù kan. Nígbà tí iṣẹ́ parí ní oṣù kẹwàá, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi tapólì bò ó, ó parí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án mọ́. Ní ìparí oṣù kẹta, òjò rọ̀ lóru ọjọ́ méjì léraléra, ilẹ̀ rọ̀ dáadáa. Awakọ̀ wọn gun katakata ní ìdájí, ó yí kọ́kọ́rọ́. "Kẹ̀." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé bátìrì lọ sọ́dọ̀ oníṣáàjì, ó fi í sórí iná títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì katakata tan lẹ́ẹ̀kan, wọ́n túlẹ̀ díẹ̀, wọ́n pa á kí awakọ̀ lè jẹun, ni kò bá tan mọ́. Bátìrì náà kò tíì pé ọdún méjì. Kí wọ́n tó dá owó òmíràn jọ, ọjọ́ mọ́kànlá ti kọjá. Ilẹ̀ ti gbẹ padà, àgbàdo àwọn tó fi ọkọ́ kọ ebè tiwọn sì ti ń yọ ewé.

Bàbá kan nínú wọn wá bi mí pé, "Ọmọ mi, iṣẹ́ ló ń gbó nǹkan. Bátìrì yìí, a ò lò ó rárá. Kí ló wá pa á?"

Ìbéèrè gidi ni bàbá bi mí, òun ni mo sì fẹ́ dáhùn síbí.

BÁTÌRÌ TÍ A KÒ LÒ KÒ SINMI

Nínú bátìrì ọkọ̀, pẹlẹbẹ òjé ló tò síbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, omi tí a pò mọ́ ásíìdì ló sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ilé mẹ́fà ló wà nínú bátìrì volt 12, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ìdérí mẹ́fà lórí èyí tó ṣeé ṣí. Nígbà tí bátìrì bá ń fúnni ní iná, ásíìdì á máa fi inú omi sílẹ̀, á máa wọ ara òjé, èèpá funfun kan á sì máa hù sára òjé náà. Nígbà tí a bá ṣáàjì rẹ̀, èèpá náà á yọ́, ásíìdì á padà sínú omi.

Èèpá yìí dà bíi sìmẹ́ńtì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ po sìmẹ́ńtì tán lè da omi sí ṣọ́bìrì rẹ̀, kó sì mọ́. Tó bá fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àfi kó máa fi òòlù gbá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú bátìrì. Èèpá tó bá pẹ́ lára òjé á le, ṣáàjì kò ní lè yọ́ ọ mọ́, gbogbo ibi tó bò kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tó ṣe bátìrì ẹgbẹ́ yẹn nìyí. Ìwọ̀nba ibi tó kù lára òjé gba iná díẹ̀, ó tan katakata lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Ẹ ó ní, "Kò sáà fún ẹnikẹ́ni ní iná láti oṣù kẹwàá." Ó ń fúnni o! Àkọ́kọ́, bátìrì fúnra rẹ̀ ń jẹ iná inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí a tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò lára ọkọ̀. Bó ṣe rí nìyẹn, kò sí ẹni tó lè dá a dúró pátápátá. Èkejì, bí wáyà bá ṣì wà lórí rẹ̀, aago ọkọ̀, rédíò, ẹ̀rọ tó ń han bí olè bá fọwọ́ kan ọkọ̀, gbogbo wọn ló ń mu ún lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ̀kẹta, eruku àti omi ásíìdì tó bá gbé orí bátìrì máa ń di ọ̀nà tí iná ń gbà láti orí kan bọ́ sí orí kejì. Ọyẹ́ sì nìyí, eruku ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ooru ló wá ń mú ọ̀rọ̀ náà yá. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 ti Celsius lé sí i, bí bátìrì ṣe ń jẹ iná ara rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ ro ọ̀sán oṣù kejì lọ́dọ̀ wa. Ẹ wá ro bátìrì tó wà lábẹ́ páànù, tí kò sí àjà láàárín wọn.

Mo ti rí ìwé pélébé tó ń bá katakata wá láti òkè òkun. Ó ní kí a tọ́jú bátìrì kí ìgbà òtútù tó dé. Ẹlòmíràn á kà á, á rẹ́rìn-ín, á ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Lóòótọ́, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù lọ́hùn-ún ni pé omi inú bátìrì tí iná ti tán nínú rẹ̀ lè di yìnyín, kó sì fọ́ ike rẹ̀. Tiwa kò lè di yìnyín. Àmọ́ òtútù tiwọn yẹn ń mú kí bátìrì tó kún pẹ́ kí iná rẹ̀ tó lọ sílẹ̀, ooru tiwa kò sì ní ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún wa. Nítorí náà, àwa gan-an ló yẹ kí á fọwọ́ mú un ju àwọn tí wọ́n kọ ìwé náà fún lọ.

KÍ Ẹ TÓ GBÉ E SÍLẸ̀

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ ni kí bátìrì kún fún iná lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe gbogbo ìyókù tí kò ṣe èyí, ó fi omi sínú agbọ̀n ni.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, "Èmi máa ń tan tèmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní àràárọ̀." Ẹ má bínú, ìyẹn kò ṣe bátìrì lóore. Títan ọkọ̀ ń gba iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ́ńjìnnì fi dúró lójú kan kò sì tó láti dá a padà. Bí ẹ bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń fi ọwọ́ ara yín fa iná inú rẹ̀ gbẹ. Bí ẹ kò bá lè wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà tó jìn díẹ̀, ẹ gbé bátìrì lọ sọ́dọ̀ oníṣáàjì.

Ẹ bẹ oníṣáàjì kó rọra ṣe é. Ìwọ̀n tó dára ni ìdá kan nínú mẹ́wàá nọ́ńbà Ah tí wọ́n kọ sára bátìrì. Bátìrì 60 Ah, amp 6. Bátìrì katakata tó jẹ́ 100 Ah, amp 10. Èyí máa ń gbà tó òru kan gbáko, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí bátìrì bá ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Oníṣáàjì tó ní òun yóò kún un ní wákàtí méjì, iná ńlá ló fẹ́ dà lé e lórí. Bátìrì á gbóná, omi inú rẹ̀ á hó, òjé inú rẹ̀ á máa re dà nù. Ẹ jẹ́ kó sun ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó kún lóòótọ́, mítà kékeré tí àwọn réwáyà ń lò yóò sọ fún yín. Ẹ má wọ̀n ọ́n bó ṣe ń ti orí ṣáàjì bọ̀ o, irọ́ ló máa pa nígbà náà. Ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bí mítà bá ní volt 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó kún. 12.4, ó ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 12.2, ìdajì ló kù. 12.0, ó ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Èyí tó bá ti wá sí 11.8, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ fi 12.4 sọ́kàn, nítorí pé láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ni èèpá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti ń ráyè le.

Ọ̀rọ̀ omi ń kọ́? Bátìrì tí ìdérí rẹ̀ bá ṣeé ṣí, ẹ yẹ ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò. Ó yẹ kí omi bo òjé mọ́lẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, tàbí kó dé ojú àmì tó wà lára ike. Bí òjé bá ti yọrí síta, ẹ bu omi tó máa bò ó nìkan kí ẹ tó ṣáàjì, kí ẹ sì fi ìyókù kún un lẹ́yìn ṣáàjì. Bí ẹ bá kún un dé òkè kí ẹ tó ṣáàjì, yóò wú, ásíìdì á ṣàn jáde.

Omi tí à ń sọ yìí ni omi tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì fi ooru rẹ̀ ṣe omi padà, èyí tí wọ́n ń tà nínú ike fún bátìrì. Kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Omi inú ọ̀rá náà kò bá a mu. Ó mọ́ fún ẹnu wa, àmọ́ iyọ̀ ilẹ̀ tí a kò fi ojú rí ṣì wà nínú rẹ̀, òun ló sì ń ba òjé jẹ́. Ẹ tún ṣọ́ra lọ́jà, torí àwọn kan ń ta ásíìdì àti omi lórí tábìlì kan náà, nínú ike tó jọra. Omi nìkan ló ń gbẹ nínú bátìrì, ásíìdì kì í gbẹ, nítorí náà ẹ má bu ásíìdì kún un láéláé. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń da gbogbo ásíìdì àtijọ́ nù, kí wọ́n rọ tuntun sí i, kí wọ́n sì gba owó lọ́wọ́ yín. Ásíìdì tuntun kì í yọ́ èèpá tó ti le. Bátìrì náà lè ta gìrì fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀yìn náà ẹ ó tún gbé e padà lọ.

YÍYỌ RẸ̀ ÀTI FÍFỌ̀ RẸ̀

Ẹ kọ́kọ́ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Wáyà tó ní àmì − lẹ ó kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó tú èyí tó ní àmì +. Ìdí rẹ̀ nìyí: gbogbo irin ara ọkọ̀ ló so pọ̀ mọ́ −. Bí ẹ bá ń tú + lọ́wọ́, tí sípánà lọ kan irin ọkọ̀ nígbà tí − ṣì wà níbẹ̀, iná á ṣẹ́ yẹ́ríyẹ́rí, sípánà á lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì lè sun ọwọ́ yín. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, + ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ so, kí − gbẹ̀yìn. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ wúwo jù láti gbé sọ̀ kalẹ̀ lè fi í sílẹ̀ lára katakata bí àtíbàbà náà bá ní òjìji dáadáa, ṣùgbọ́n kó yọ wáyà − kúrò lórí rẹ̀.

Nǹkan tútù bíi ewédú gbígbẹ tó máa ń hù sí orí bátìrì, àwọ̀ ewé tàbí funfun, kaun ló kápá rẹ̀. Ẹ fọ́ kaun kékeré sínú omi, ẹ rí i pé àwọn ìdérí ti dé pinpin, kí ẹ wá fi búrọ́ṣì ehín àtijọ́ fi omi kaun náà fọ orí bátìrì. Á máa hó ṣùùṣù. Ásíìdì tí kaun ń pa nìyẹn. Nígbà tí kò bá hó mọ́, ẹ fi omi lásán ṣàn án, kí ẹ fi àkísà nù ún gbẹ. Kí ẹ̀kán omi kaun kan má wọ inú bátìrì o, torí bó ṣe ń pa ásíìdì lóde náà ni yóò pa á nínú. Àkísà yẹn, ẹ má fi nu ara, ẹ má sì fi sínú aṣọ fífọ̀, àwọn ihò á yọ sí i.

Bí ásíìdì bá ta sí ojú ẹnikẹ́ni, omi tó mọ́, púpọ̀púpọ̀, lójú ẹsẹ̀, fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Kì í ṣe omi kaun, kì í ṣe wàrà, kì í ṣe epo.

IBI TÍ A Ó GBÉ E SÍ

Ibi tútù, tó ní òjìji, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ààrò, kì í ṣe abà tí a kó irúgbìn sí, kì í ṣe yàrá tí a ń sùn. Bátìrì máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde, pàápàá nígbà tí a bá ń ṣáàjì rẹ̀, tí ìṣáná kan péré lè mú kó bú gbàmù. Nítorí náà, ẹ má gbé àtùpà tàbí sìgá sún mọ́ ọn láti fi yẹ inú rẹ̀ wò. Tọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ lò.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá gbé bátìrì sórí ilẹ̀, ilẹ̀ á fa iná rẹ̀ mu. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí láyé àtijọ́, nígbà tí ike bátìrì kì í ṣe irú ti òde òní, tí ọ̀rinrin ilẹ̀ lè gba ara rẹ̀ wọlé. Ike tòde òní kò jẹ́ kí ilẹ̀ fa ohunkóhun. Ẹ ṣì lè gbé e sórí pákó o, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè gbẹ, àmọ́ ẹ má rò pé pákó náà ti tó ìtọ́jú. Lórí pákó, lórí ilẹ̀, lórí tábìlì, iná rẹ̀ ń dín kù.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Ẹ lè fi ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ṣe àmì. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Bó bá ti sún mọ́ 12.4, ẹ gbé e lọ ṣáàjì, ẹ má dúró dìgbà tí òjò bá ṣú. Owó ṣáàjì ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta kò súnmọ́ owó bátìrì tuntun rárá, ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń pè é lọ́jà báyìí. Níbi tí iná ìjọba kì í ti í dé, páńẹ́lì oòrùn kékeré, bíi watt 20, lè máa fún bátìrì ọkọ̀ ní iná díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ṣáàjì wà láàárín wọn, kó má bàa se omi inú bátìrì gbẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ ìfín-oògùn àgbékọ́yìn tó ń lo bátìrì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì dúdú kékeré tó wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn, òjé ló wà nínú rẹ̀ náà, kò sì ní ìdérí tí a lè ṣí. Kò pọ̀ nínú, nítorí náà kì í pẹ́ tán. Ṣájà tirẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ lò, títí iná ara ṣájà náà yóò fi yí àwọ̀ padà, kí ẹ sì tún un ṣe lóṣooṣù. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n kọ Li-ion sára tiyín, irú mìíràn nìyẹn. Ìyẹn kò fẹ́ kí á kún un dẹ́nu kí á tó gbé e sílẹ̀, bí ìdajì tó o. Ooru ni ọ̀tá tiẹ̀ náà.

ÈYÍ TÓ BÁ TI KÚ PÁTÁPÁTÁ

Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má da ásíìdì rẹ̀ sí ilẹ̀ tàbí sí ẹ̀bá kànga, ẹ má yọ́ òjé inú rẹ̀ láti fi ṣe ọta ìbọn tàbí òjé àwọ̀n. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é, kì í sì í pa ẹni tó ṣe é lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ni wọn kì í fi í gbàgbọ́. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá ìlú Dakar ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọdé 18 ló kú láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008. Òjé inú àlòkù bátìrì tí wọ́n ń fọ́ ládùúgbò ló wọ inú iyẹ̀pẹ̀ àti eruku ibẹ̀. Àwọn ọmọ ń ṣeré lórí iyẹ̀pẹ̀ náà. Ẹ ta bátìrì tó ti kú ní odidi, pẹ̀lú omi inú rẹ̀, fún ẹni tó ń ra àlòkù. Àwọn tó ń ta tuntun náà sábà máa ń yọ díẹ̀ kúrò nínú owó bí ẹ bá gbé àtijọ́ wá.

Ẹ má jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ ká yín mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹta bá wọlé, ẹ ṣáàjì rẹ̀ kún, ẹ dá a padà sára katakata, ẹ so wáyà rẹ̀ le dáadáa kí ẹ tó fi gíríìsì díẹ̀ pa á lórí, kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì wò. Bí ohùn rẹ̀ bá fà, bíi ẹni tó ń jí lójú oorun àìsàn, àyè ṣì wà láti wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní abúlé tí mo ń bójú tó, mítà mi máa ń wà nínú àpò ọ̀kadà mi. Ẹ gbé bátìrì yín wá sí ìpàdé oṣù yìí, a ó jọ wọ̀n ọ́n.